Fódà Kan Tó Ń Jẹ́ EWU

Bí ẹ bá fi orúkọ tó wà nínú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ béèrè rẹ̀ ní òpópónà yẹn, ẹ ó rìn títí ẹsẹ̀ yín ó fi wú, kò sẹ́ni tí yóò mọ ẹni tí ẹ ń wí. Rọra ni kí ẹ béèrè. "Ọ̀gá Rọra tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe." Ẹ ò ní tíì sọ ọ́ tán tí wọn ó fi nàka: ilé alájà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, yàrá ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn búlúù tó máa ń há bí òjò bá rọ̀.

Orúkọ náà ò ṣàdédé wá. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọkùnrin yìí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni. Oníbàárà ń ṣí báàgì: "Ẹ rọra." Síkúrù ń ṣe agídí: "Rọra, rọra, mò ń bọ̀ wá bá ẹ." Àní síkúrù ló ń bá sọ̀rọ̀! Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun ń rọbí ìbejì, ohun kan ṣoṣo tí ọkọ òun rí sọ lẹ́nu ọ̀nà ni "Ẹ rọra," tí nọ́ọ̀sì kan fi lé e jáde pé kó lọ máa rọra ní ìta.

Ọmọ ẹni tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ni. Bàbá rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì kan náà fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, gíláàsì kékeré kan lójú ọ̀tún. Nígbà tí fóònù gbòde, tí kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ mọ́ kó tó mọ àkókò, bàbá náà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó kó àwọn sukudiráfà tín-ín-tìn-tín rẹ̀ fún ọmọ. Àwọn náà ni Rọra ń lò títí dòní. Ó tún jogún bébà funfun tí bàbá máa ń tẹ́ sórí tábìlì: gbogbo síkúrù tó bá yọ, yóò gbé e sórí bébà, yóò fi báírò yí i ká, yóò kọ nọ́ńbà sí i, kí kálukú lè padà sílé rẹ̀. Ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá wù yín. Àwọn tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń gbé láàpútọ́ọ̀pù tí ìdí rẹ̀ là sí méjì wá bá a báyìí.

Ìwà méjì míì wà tó fi ń yangàn. Kì í yọjú wo ohun tó wà nínú fáìlì oníbàárà. Orúkọ tó wà lára fódà ló ń kà, bí alágbàfọ̀ ṣe ń ka orúkọ lára àpò aṣọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kàn án. Èkejì ni pé bó bá yọ háàdì àtijọ́, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, kúrò nínú ẹ̀rọ kan, ọjọ́ méje gbáko ni háàdì náà yóò lò nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kó tó pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ó ní èèyàn kì í tètè mọ ohun tó gbàgbé.

Ọjọ́ Túsìdeè kan ni Màmá Aránṣọ wọlé, tó fi tówẹ́ẹ̀lì wé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ rọra gbé e kalẹ̀."

"Mo ti ń rọra kí ẹ tó sọ. Ọ̀gá, nǹkan yìí fẹ́ pa mí. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, màá wẹ̀, màá wọṣọ, màá mu tíì, màá tún padà wá, yóò ṣì máa yí róbótó kan lójú mi bí ẹni tó ń ronú gbèsè."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni láàpútọ́ọ̀pù náà ti lò, ó wúwo, lẹ́tà A àti E ti pa rẹ́ lára rẹ̀. Rọra gbé etí lé e. Kẹ́, kẹ́, kẹ́, ló ń dún nínú.

"Háàdì rẹ̀ ni. Ó ti darúgbó."

"Èmi náà ti darúgbó, ẹ ò rí i pé mo ṣì ń sáré?"

Rọra rẹ́rìn-ín, ó mú háàdì kan tó ti kú láti inú dúrọ́ọ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀ hàn án. "Ẹ wò ó, àwo kan ló ń yí nínú ẹ̀. Apá kékeré yìí sì ń sáré kiri lórí àwo náà, tó ń wá ohun tí ẹ bá béèrè. Ó ti rẹ tiyín. Màá yọ ọ́, màá fi SSD rọ́pò ẹ̀. Ìyẹn ò ní ohun tó ń yí rárá."

"Kò ní ohun tó ń yí? Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀, ṣé ó jókòó ni?"

"Ó jókòó, Màmá. Àmọ́ ó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà."

"Ìyẹn dáa. Ọkọ mi jókòó títí tó fi kú, kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́jọ́ kan." Màmá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé láàpútọ́ọ̀pù. "Ọ̀gá, iṣẹ́ mi gbogbo wà nínú ẹ̀ o."

"Màmá, ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí tábìlì yìí. Nǹkan oníbàárà kan ò sọnù lọ́wọ́ mi rí."

Òótọ́ ló sì sọ. Títí di ọjọ́ Túsìdeè yẹn, òótọ́ ni.

Iṣẹ́ tí Màmá ń wí kì í ṣe iṣẹ́ aránṣọ lásán. Àwọn tí aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù kì í bá mu ló ń rán aṣọ fún: ẹni tí èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì, ẹni tí apá rẹ̀ dúró síbi ìgúnpá, ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí ìbàdí rẹ̀ ò gba bẹ́líìtì mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló wà ní ìlú tó jìnnà. Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, ó fi téépù wọn ara wọn láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà, wọn ò nílò ju kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago pé àwọn fẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Irinwó èèyàn lé méjìlá. Láìsí ìwọ̀n yẹn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di máṣíìnì méjì àti àga.

Rọra ṣí láàpútọ́ọ̀pù náà lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Síkúrù mọ́kànlá, kálukú nínú òbíríkítí báírò tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ bátìrì, ó gbọn eruku tó pọ̀ tó láti rán fìlà, ó fa háàdì àtijọ́ jáde, ó ti SSD bọ ipò rẹ̀. Ó bá ibẹ̀ mu, kò fì, kò mì. Inú rẹ̀ dùn. Ìṣòro tó kù ni pé fíláṣì àwọn oníbàárà Màmá ti kó fáírọ́ọ̀sì sínú háàdì àtijọ́ yẹn bí ìgbà tí èèyàn kó yangí sí pálọ̀. Bó bá da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ti tuntun, àrùn náà ló tún kó wọlé. Ó pinnu pé òun ó fi gbogbo ètò kọ̀ǹpútà sí i látìbẹ̀rẹ̀, òun ó wá fọwọ́ mú fódà Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan.

ASO rèé, ó mú un. FOTO, ó mú un. RISITI, ó mú un. ILE, ó mú un. Fódà kan wá dá wà lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn fáírọ́ọ̀sì kó ara wọn jọ sí. Lẹ́tà gàdàgbà mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́: EWU.

Rọra fà sẹ́yìn. Ta ni yóò sọ fódà tirẹ̀ ní ewu? Ó ní kí òun má dá iṣẹ́ ṣe, ó tẹ Màmá láago.

"Màmá, ẹ má bínú, fódà kan wà níbí tó ń jẹ́ ewu. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ewu?" Máṣíìnì dákẹ́ lọ́dọ̀ Màmá. "Ewu bíi ti kí ni? Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ o! Ẹ má mú ewu kankan wọ inú kọ̀ǹpútà mi!"

"Ṣé kí n yọ ọ́ dànù?"

"Ẹ yọ ọ́ dànù kíákíá! Ewu kẹ̀? Ewu ò ní wọlé mi."

"Àmín, Màmá," ni Rọra wí, ó sì fi í sílẹ̀.

Kí ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí bú ọkùnrin yìí o. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, tí mo bá wà níbẹ̀, ohun tí màá ṣe náà nìyẹn. Fódà dá wà láàárín àrùn, ó ní ewu ni òun, ẹni tó ni ín ní kí wọ́n lé e. Kí ni ẹ tún fẹ́ kó ṣe?

Ní Tọ́sìdeè, Màmá wá gba ẹrù rẹ̀. Rọra ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ tàn án. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí padà láti fa àga, kó tó jókòó, ó ti ṣí.

"Háà! Ó ti ṣí? Mi ò tíì jókòó!" Ó pa á, ó tún tàn án. Ó tún ṣí. Ó pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ̀yin ni ọ̀gá lóòótọ́. Ti àtijọ́ ńkọ́?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, màá pa á rẹ́."

"Ọjọ́ méje fún kí ni? Ṣé ẹ fẹ́ fi ṣe ohun ìrántí ni? Ọ̀gá, ìwọ̀n ara àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀. Mo ṣèlérí fún wọn pé ojú ẹlòmíì ò ní kàn án. Ẹ pa á rẹ́ lójú mi."

Rọra ṣàlàyé. Màmá ò gbà. Ó tún ṣàlàyé. Màmá ká apá. Ẹ mọ bí àgbàlagbà obìnrin ṣe máa ń ká apá. Ló bá so háàdì náà mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ní kó fi òdo kọ bo gbogbo ojú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè rí nǹkan kan hú jáde níbẹ̀ mọ́ láéláé. Wọ́n mu tíì tì í. Wọ́n jẹ bisikí. Wọ́n ń wo ìlà àwọ̀ ewé tó ń ka iṣẹ́ lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń gùn lọ, ogún, àádọ́ta, ọgọ́rin. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún, Màmá ní, "Ọkàn mi balẹ̀ wàyí," ó sì wé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sílé.

Àárọ̀ Fúráìdeè, fóònù dún.

"Ọ̀gá, mi ò rí ẹ̀wù mi."

"Ẹ̀wù, Màmá?" Rọra wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó gbé àga tí Màmá jókòó sí lánàá sókè. "Màmá, mi ò rí ẹ̀wù kankan níbí o. Ṣé ẹ ò gbàgbé ẹ̀ sínú ọkọ̀ báyìí?"

"Ọkọ̀ wo? Ẹ̀wù inú kọ̀ǹpútà ni mò ń wí! Fódà mi! Ibi tí mo kọ ìwọ̀n gbogbo àwọn èèyàn mi sí! E, W, U!"

Rọra gbé àga kalẹ̀. Ó rọra jókòó sórí rẹ̀, ó sì wo lẹ́tà mẹ́ta yẹn nínú ọkàn rẹ̀, láìsí àmì lórí, láìsí àmì nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìka obìnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wù ló kọ. Ewu ni òun kà. Ewu náà ni òun sì pè sí i létí.

"Màmá," ló wí, "mò ń bọ̀ wá bá yín."

Kò lọ tààrà. Ilé ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé tó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ìyá Ìbejì gbọ́ ewu, ó gbọ́ ẹ̀wù, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, kó tó wo ojú ọkọ rẹ̀ dáadáa.

"Bàbá Ìbejì, ṣé kò ṣeé rí padà ni?"

"Kò ṣeé rí padà. A jọ jókòó wò ó ni, bisikí sì wà lẹ́nu wa. Háàdì yẹn ti ń dún kẹ́kẹ́ tẹ́lẹ̀. Tí mo bá sọ pé ibẹ̀ ti bàjẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án, yóò gbà."

"Yóò gbà, òótọ́ ni." Ìyá Ìbejì mú báírò pupa rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá lè máa kí i tó bá kọjá?"

Ó mu omi, ó bọ́ síta.

Yàrá iṣẹ́ Màmá mọ́lẹ̀ rekete: máṣíìnì lẹ́bàá fèrèsé, òwú lórí pátákó láti funfun dé dúdú, ayọ́ọ̀nù, ṣọ́ọ̀kì, téépù lọ́rùn Màmá fúnra rẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì ìgéṣọ, ó ń tàn yanran. Rọra ò jókòó.

"Màmá, èmi ni. Ẹ̀wù lẹ kọ, mo kà á sí ewu. Mo fi í sílẹ̀, mo sì pa á rẹ́. Kò sí bó ṣe lè padà. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

Màmá wò ó títí. Inú bí i, ó hàn lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rẹ̀ ẹ́. "Ẹnu mi ni mo fi sọ pé kí ẹ yọ ọ́ dànù," ló wí. "Mo tún ká apá lé yín lórí. Ẹ jókòó."

Rọra ní òun yóò máa wá lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, òun yóò bá a tẹ àwọn oníbàárà láago lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wọn ṣì wà nínú RISITI. Màmá mi orí. Àwọn yẹn, ó ní, àwọn yẹn ò le. Wọ́n ní téépù, wọ́n ní ẹnu.

"Ọmọ mi ni," ló wí.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, ó ti di ọdún mẹ́rìnlá báyìí, ìwé ìgbélùú tí ì bá fi lè wá sílé ò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́. Kódà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ojú fóònù ló ti sunkún. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la tí yóò lọ, Màmá dá a dúró sáàárín yàrá yìí, ó fi téépù wọn gbogbo ara rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú fódà náà. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, ṣẹ́ẹ̀tì kan àti ṣòkòtò kan ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ bá a. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé, "Mọ́mì, ó bá mi mu rẹ́gí."

"Ọjọ́ yẹn lọwọ́ mi kàn án gbẹ̀yìn," ni Màmá wí. "Ohun tí ọwọ́ mi gbà lára ẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíì. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó. Ìbàdí ẹ̀, ṣé méjìdínlọ́gbọ̀n ni àbí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n? Mi ò mọ̀ mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo bá fọkàn lé kọ̀ǹpútà. Irú ìyá wo lèmi?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Rọra ò mọ ibi tó lè fi ojú tirẹ̀ sí.

"Màmá, ẹ pè é. Ẹ sọ pé èmi ni mo bà á jẹ́."

Ó pẹ́ kó tó gbà. Nígbà tó pè é, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ohùn ọkùnrin kan tó nípọn sì gba inú yàrá. Màmá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ewu àti ẹ̀wù. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Màmá ní kó wá téépù, kó wọn ara rẹ̀, kí òun tún un kọ.



"Mọ́mì," ló wí, "mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, ẹ má bínú. Aṣọ yẹn ò bá mi mu mọ́ láti ọdún kẹta."

"O ní rẹ́gí ni."

"Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ dáwọ́ dúró ni. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ó sanra kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ yín. Ẹ dúró kí n mú téépù."

Màmá jókòó. Rọra fa láàpútọ́ọ̀pù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó gbé ìka lé e.

"Ọrùn," ni ọmọ náà wí, "mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀." Rọra tẹ̀ ẹ́.

"Àyà, mẹ́rìnlélógójì." Rọra tẹ̀ ẹ́. Màmá gbé orí sókè.

"Èjìká, ẹ dúró, ó ń yọ̀. Mọ́kàndínlógún."

"Apá rẹ," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "mẹ́rìnlélógún àti ààbọ̀ ni."

"Mi ò tíì wọ̀n ọ́n, Mọ́mì."

"Wọ̀n ọ́n."

Wọ́n gbọ́ bí téépù ṣe ń họ lára aṣọ. "Mẹ́rìnlélógún àti ààbọ̀. Ta ló sọ fún yín?"

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀. Rọra gbàgbé láti tẹ nọ́ńbà náà.

"Ìbàdí," ni ọmọ náà ń bá a lọ, "mẹ́rìndínlógójì."

"Rárá," ni Màmá wí. Ẹkún àti ẹ̀rín jọ wà nínú ohùn rẹ̀. "Méjìdínlógójì ni. O ń fa ikùn mọ́ra. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rán aṣọ fún bàbá rẹ, mi ò kọ ìwọ̀n ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, gbogbo ìgbà tí mo bá sì dé ìbàdí ló máa ń fa ikùn, ínṣì méjì gbáko. Jọ̀wọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ọmọ mi. Mí."

Wọ́n gbọ́ ọ tó mí sóde.

"Méjìdínlógójì ni, Mọ́mì."